Ta Ni Yóò San Owó Oògùn Eyín Ọmọ Òrukàn?

(Àsọyé tí a ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń fi sàká wọn rán wa níṣẹ́, ní Arákàlé, Àkúrẹ́)

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí a bá dárúkọ ọmọ òrukàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni owó ilé-ìwé, aṣọ Ọdún, ìrẹsì àti òróró. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ó rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eyín la bá wá lónìí. Ẹlòmíràn lè ní, "Eyín kẹ̀? Ṣé eyín náà ti wá di ọ̀rọ̀ sàká?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọmọ tí eyín ń dùn kò ní jẹun, kò ní sùn, kò sì ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì. Ọmọ tó ní baba á ké pe baba rẹ̀ lóru. Ọmọ òrukàn á fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, á dákẹ́, nítorí kò fẹ́ di ẹrù lé orí ẹni tó gbà á tọ́. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú la tó máa ń mọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta la fẹ́ dáhùn. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oògùn eyín fún ènìyàn? Ibo ló yẹ kí a ti rà á? Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́

Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti rí ìgò oògùn gbé dání. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti àwọn mìíràn gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kó yé wa pé ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde wà. Òfin tí àwọn ìjọba ń ṣe lónìí nípa ẹni tó lè kọ oògùn, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀.

Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ kan náà ló ń forúkọ dókítà gbogbogbòò àti dókítà eyín sílẹ̀, ìyẹn Medical and Dental Council of Nigeria, tí òfin ọdún 1988 dúró lé lórí. Nítorí náà, dókítà eyín kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ dókítà kankan. Oògùn ìrora, oògùn apakòkòrò, abẹ́rẹ́ tí ń mú èrìgì kú kí a tó yọ eyín, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ láti kọ fún ìtọ́jú ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú eyín tí kì í ṣe dókítà náà ní ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n sì ní ibi tí iṣẹ́ wọn mọ.

Ní àwọn ìlú mìíràn, bí kálàmù dókítà eyín ṣe gùn tó gan-an ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní Australia, ìjọba ń san nínú owó oògùn fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ìwé oògùn tí dókítà eyín lè kọ lábẹ́ ètò yẹn kúrú ju ti dókítà yòókù lọ. Ní Bìrìtìkó pẹ̀lú, àkójọ oògùn kan wà tí dókítà eyín lè kọ fún aláìsàn lábẹ́ ètò ìlera ìjọba. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ̀ pé lábẹ́ ètò náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó ìtọ́jú eyín, ọmọ tí kò tíì pé 16 kì í sì í san owó oògùn.

Tiwa yàtọ̀. Kálàmù dókítà eyín wa gùn tó, aláìsàn ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí eyín bá ti ń dùn wá, a ó yà sí kẹ́mísì, a ó ní, "Ẹ fún mi ní oògùn eyín," wọn á gé kápúsù mẹ́rin fún wa, ó parí. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún dókítà wà lórí ìwé, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ló ń lò ó.

Ohun tí a ń fún àwọn ọmọ wa

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù November ọdún 2008. Oògùn kan wà lórí igbá nígbà náà tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pò ó. Kíndìnrín àwọn ọmọ dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tọ̀ mọ́, àwọn ọmọ 84 sì kú. NAFDAC ti ilé-iṣẹ́ náà pa, nígbà tó sì di 2013 ilé-ẹjọ́ rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje. Inna lillahi wa inna ilayhi raji'un.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, eyín híhù kì í ṣe àrùn. Bí ara ọmọ tó ń hu eyín bá gbóná gan-an, tàbí tó ń ṣu omi, àìsàn mìíràn ló wà lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ. Èkejì, ìyá tó ra oògùn náà kò ṣe ibi. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló fi rà á. Ìfẹ́ nìkan kò tó nínú ọ̀rọ̀ oògùn.

Oògùn mìíràn tún wà tí kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n tó ń fi àpá sí i lára. Tetracycline, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ fún aboyún. Ó máa ń wọ inú eyín tó ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, eyín náà á sì hù pẹ̀lú àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tí fífọ̀ kò lè mú kúrò. Àlábùkún tí àwọn bàbá wa ti ń lò láti ọdún 1918, ásípíríìnì wà nínú rẹ̀. Ásípíríìnì kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, bí a bá sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ eyín, ṣe ló ń bó èrìgì. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti àwọn tó ń fi omi bátìrì tàbí ẹ̀tù ìbọn sínú ihò eyín. Eyín kan ni wọ́n fẹ́ wò, gbogbo ẹnu ni wọ́n ń jó.

Ohun tí oògùn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé oògùn apakòkòrò ló ń wo eyín sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eyín bá ti luhò, tí ó ń dùn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò wú, tí ara kò gbóná, oògùn apakòkòrò kò ní ohun tó fẹ́ ṣe síbẹ̀. Paracetamol á mú ìrora rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n dídí ihò náà tàbí yíyọ eyín náà ni ìwòsàn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ibà sì dà á pọ̀, ìgbà yẹn ni dókítà lè kọ Amoxicillin tàbí Metronidazole, síbẹ̀ yóò tún ní láti mú ohun tó fà á kúrò. Bí wíwú náà bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tí ọmọ kò lè gbé itọ́ mì dáadáa tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ má dúró di ọ̀la o, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.

Àìsàn kan wà tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn. Noma ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ kéékèèké tí oúnjẹ kò kánú, tí èéyi tàbí ibà sì ti mú ara wọn rọ, ni ó máa ń kọ lù. Láti èrìgì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ẹnu á máa rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, á jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé egungun. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló lè kú, ojú àwọn tó bá sì yè kì í rí bákan náà mọ́. Ìhà àríwá ló ti wọ́pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa, ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ilé ìwòsàn noma sílẹ̀ ní Sókótó ní 1999. Ṣùgbọ́n ebi ni ìlú rẹ̀, ebi kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Nàìjíríà ló ṣíwájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kó fi noma kún àkójọ àwọn àrùn tí ayé ti gbàgbé, wọ́n sì fi kún un ní December 2023.

Ohun tó yẹ kó mú wa ronú ni pé bí a bá tètè rí noma níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní èrìgì, oògùn apakòkòrò tí kò wọ́n, ẹnu fífọ̀ àti oúnjẹ tó dára lè dá a dúró. Oògùn kan náà tí a ń lò nílòkulò fún eyín tí kò nílò rẹ̀ ni ọmọ mìíràn kò rí lò ní ọjọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

Ìjọba ṣe é rí

Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí. Nínú àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Àkúrẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Olóyè Adekunle Ajasin jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ètò ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, oògùn tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ní 1987 àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san nínú owó oògùn, kí a sì máa fi owó náà ra òmíràn. Ohun tó dára ni pé pẹpẹ oògùn kò ní ṣófo. Ohun tó le ni pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á kàn máa wo oògùn lórí pẹpẹ ni.

Ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ètò Abíyẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2009 nígbà ìṣèjọba Dókítà Mimiko, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sì dé sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ ńlá ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wò ó. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni eyín ńlá àkọ́kọ́ tó máa bá ọmọ dàgbà ń hù. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yẹn bá ti fi ọmọ sílẹ̀ ni eyín tí kò ní pààrọ̀ mọ́ láéláé ń wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ètò adójútòfò ìlera, NHIS, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2005, tí òfin tuntun sì sọ di NHIA ní 2022. Ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀: àyẹ̀wò, dídí ihò, yíyọ eyín tí kò le. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni aláìsàn ń san. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ bíbí inú wọn mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà ń bojú tó. Ọmọ bíbí inú. Ọmọ àbúrò rẹ tó kú, tí o mú sọ́dọ̀, tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ, kò sí nínú ìwé àfi bí o bá san owó lé e. Inú ilé kan náà ni ọmọ méjì ti lè máa jẹ̀rora eyín, kí ọ̀kan gba oògùn ní ìdá mẹ́wàá owó rẹ̀, kí èkejì máa san gbogbo rẹ̀.

Òfin ìlera ti 2014 ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀, kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì jẹ́ ti oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òfin 2022 náà dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀ pẹ̀lú. Nípa oògùn fúnra rẹ̀, WHO ti fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride àti àwọn ohun èlò tí a fi ń dá jíjẹrà eyín dúró kún àkójọ oògùn tí kò yẹ kí ìlú kankan ṣaláìní, láti 2021. Ilẹ̀kùn wà, ẹ̀yin ará wa, ẹni tí yóò mú ọmọ òrukàn lọ́wọ́ gba ibẹ̀ wọlé ni kò sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ GSK sì kéde ní August 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, gbogbo wa rí bí oògùn apakòkòrò ṣe fò sókè lórí igbá.

Ṣé a lè fi sàká rà á?

Ní Suratut Tawbah, ẹsẹ 60, Ọlọ́hun ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ọmọ òrukàn kò sí níbẹ̀ ní orúkọ òrukàn. Ó ń wọlé nítorí pé ó jẹ́ tálákà tàbí aláìní. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo òrukàn ni tálákà. Bí baba ọmọ bá fi ogún sílẹ̀, tí ó sì tó o, inú ogún rẹ̀ ni owó oògùn rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde, alágbàtọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi ogún náà pamọ́ kó wá gba sàká lórúkọ ọmọ. Ìkìlọ̀ tó wà nínú Suratun Nisa nípa ẹni tó bá jẹ dúkìá òrukàn ní ọ̀nà àìtọ́ le púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ní sàká gbọ́dọ̀ di ti tálákà náà gan-an, kó bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọwọ́ alágbàtọ́ rẹ̀. Lórí èyí, bí a bá ra oògùn tí dókítà kọ, tí a sì fi lé alágbàtọ́ ọmọ aláìní lọ́wọ́, ó ti di ti ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ra àga ìtọ́jú eyín, tàbí kí a kun ilé ìwòsàn lọ́dà, sàráà ni kí a fi ṣe é, kí a má fọwọ́ kan sàká. Bí a bá fẹ́ san owó adójútòfò fún ọmọ, ìbéèrè yẹn wà níwájú àwọn àáfà wa. Títí wọn yóò fi dáhùn, ẹ jẹ́ kí á fi sàráà san án.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Àkọ́kọ́, kí dókítà eyín wo ẹnu gbogbo ọmọ òrukàn tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú. A kò jìnnà sí ìtọ́jú. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED tó wà ní ìlú Oǹdó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ dókítà eyín, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní Àkúrẹ́ níbí àti ní Oǹdó.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ má ṣe san owó oògùn kankan tí kò ní ìwé dókítà. Kí a sì rà á ní ilé oògùn tí fámásísìtì tó forúkọ sílẹ̀ wà, kí a wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí a gba rìsíìtì. Bí a bá fi sàká ra oògùn tí kò yẹ, ọmọ pàdánù, ẹni tó yọ sàká náà sì pàdánù.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a ní àpò méjì. Àpò sàká fún oògùn àwọn ọmọ tó jẹ́ aláìní lóòótọ́. Àpò sàráà fún búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ ìfọyín, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn àti owó adójútòfò. Sàká ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú ogójì ni, ₦1,000 nínú ₦40,000 fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pé ìwọ̀n tó sì lò ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Sàráà kò ní òdiwọ̀n. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan sílẹ̀, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ bá wa bojú tó orin. Gbogbo wa mọ bí Ànábì ṣe fẹ́ràn orin jíjẹ tó. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé kò bá fi í ṣe ọ̀ranyàn nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan bí kì í bá ṣe pé kò fẹ́ ni wá lára. Orin àtà wà lọ́jà wa. Ọmọ tó bá ń jẹ orin tàbí tó ń fi ọṣẹ fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, tí a kò sì máa fi bísíkíìtì àti ohun dídùn tù ú nínú lójoojúmọ́, owó oògùn rẹ̀ yóò kéré.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn tó mọ ọ̀nà nínú wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀yin tó ń bá àwọn aṣòfin jókòó, ẹ bá wa béèrè pé kí a ka ọmọ tí ènìyàn gbà tọ́ mọ́ ọmọ bíbí inú nínú ètò adójútòfò. Ìyẹn kò ní ná ẹgbẹ́ wa ní kọ́bọ̀, ọmọ tó sì máa gbà là lè pọ̀ ju èyí tí gbogbo sàká wa lè gbé lọ.

Ní Suratul Ma'un, ẹni tó ń lé ọmọ òrukàn dànù ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ mẹ́nu bà nígbà tó ń ṣàpèjúwe ẹni tó pe ẹ̀sìn nírọ́. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan la fi ń lé ọmọ. Bí a bá mọ̀ pé ẹnu ń dùn ún, tí a sì wò ó níran, a ti lé e náà nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà wa. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó kẹ́ àwọn òbí tó ti lọ, kí Ó má fi àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ dójú tì wá lọ́jọ́ ìṣirò. Àmín.